Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Wa àti Àpá Tí A Dá Padà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wá ibi tó bá yín lára mu kí ẹ fìdí lé. Ẹni tí ògì rẹ̀ bá ṣì gbóná, kó gbé e sún mọ́ra, torí n kò ní kánjú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ náà kò sì ṣeé fi ìkánjú sọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbà tí omi ẹ̀rọ ń dà ṣoro nínú Fẹ́sítáàkì, tí iná òpópónà ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yín lè jókòó tì yín kí wọ́n máa gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bi mí ní ìbéèrè títí n ó fi parí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga kọjá fèrèsé ọkọ̀, ilé ìjọba ni à ń gbé ní Fẹ́sítáàkì, nínú kúlọ́ọ̀sì kan tí ojú ọ̀dà rẹ̀ mọ́ débi pé a lè jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ ká máa jẹ bọ́ọ̀lì. Bàbá wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n máa ń lọ ṣòkòtò títí ìlà rẹ̀ yóò fi mú bí ọ̀bẹ. Màmá wa jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sátẹ́láìtì. Àwa ọmọbìnrin méjì péré ni wọ́n bí, èmi Dúpẹ́ àti àbúrò mi Fúnkẹ́. Ẹni kẹta tí a jọ ń gbé, tí wọ́n sì ń tọ́jú ju àwa méjèèjì lọ, ni ọkọ̀ Bàbá.

Ìjàpá ni, irú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn róbótó yẹn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí bùútù rẹ̀ wà níwájú. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tẹ̀tẹ̀ tí oòrùn ti pa díẹ̀. Bí a bá ń ta súwè lójú kúlọ́ọ̀sì, tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, tí ó ń kọ pùtùpùtù bọ̀, olúkúlùkù á mọ̀ pé eré ti parí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á wọlé lọ gbé ìwé.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni èmi àti Fúnkẹ́ máa ń wẹ ọkọ̀ náà. Bàbá ti pín in fún wa bí ẹni pín oko. Fúnkẹ́ ló ni apá òsì àti àwọn táyà, èmi ni mo ni apá ọ̀tún àti orí. Bàbá á gbé àga síta, wọ́n á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn. Ẹni tí ọṣẹ bá gbẹ mọ́ apá tirẹ̀, yóò fi ìka kan kanlẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí Bàbá yóò fi ka ìwé ìròyìn tán. Bàbá kì í sì í yára ka ìwé ìròyìn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ àti àkàrà tó ń dín lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, eegun ẹ̀yìn mi á kọ́kọ́ dùn mí kí ebi tó pa mí.

Ojú kan ṣoṣo ni àbùkù wà lára ọkọ̀ náà. Lára ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ibi tí a ń fà láti ṣí i, ibì kan wà tó tẹ̀ wọnú, ó fẹ̀ tó àwo tíì, ó sì ti dógùn-ún díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo fà á. Ní ọjọ́ tí Màmá fẹ́ bí mi, Bàbá gbé wọn lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ìkánjú, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn yẹn kan irin gátì. Bàbá tí wọn kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọkọ̀ yìí kọ̀ jálẹ̀, wọn kò tún ibẹ̀ ṣe. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí wọn kò ní mú jáde lọ wò ó. Wọ́n á fi ìka sínú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ibi tí Dúpẹ́ ti kan ilẹ̀kùn ayé nìyí." Èmi náà á dúró síbẹ̀, n ó máa wú bí fùfú. Apá tèmi ni mo ń wẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà, mo mọ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ìdodo ara mi. Bí mo bá di ìkúùkù mi tì í, á jókòó síbẹ̀ wẹ́kú.

Màmá wa fẹ́ wa ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ láyé nígbà náà nìyẹn. Bí Bàbá bá rìnrìn àjò ìjọba, ọkọ̀ á máa sùn lábẹ́ tapólì, Màmá á sì máa fẹsẹ̀ rin láti ọjà Agboju, iṣu lórí, àpò ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn léjìká. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á kọjú sí tapólì náà, wọ́n á sì wò ó bí ẹni tó ń wo orogún. Wọ́n ti bẹ Bàbá títí. Èsì kan náà ni Bàbá máa ń fọ̀, pé ọkọ̀ náà ti mọ ọwọ́ àwọn. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lójú alàgbà ìjọ wa lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ tí Màmá Dúpẹ́ bá fọwọ́ kan sítíárìn yẹn, tí nǹkan kan ṣe ọkọ̀, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ yóò kúrò nílé àwọn títí láé. Bàbá kì í sì í kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Ìgbà tó yá, iṣẹ́ gbé Bàbá lọ sí Jọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ọ́fíìsì ló wá gbé wọn lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá pamọ́ sínú àpò kóòtù kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń fọ kóòtù náà.

Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wa, ní ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì ní láísẹ́ǹsì. Àwọn ni Màmá lọ bá. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí Màmá kọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n lọ gba láísẹ́ǹsì ní oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gbé ìwé náà síwájú Bàbá lórí tábìlì, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní bí Bàbá bá rí òǹtẹ̀ ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n lè jiyàn. Títí ọjọ́ náà, Bàbá kò gbọdọ̀ gbọ́. Èmi àti Fúnkẹ́ ni wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀, torí wọn kò lè fi wá sílẹ̀ nílé, wọ́n sì fi gúgúrú di wá lẹ́nu.

Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Màmá ń kọ́ ọ. Ọ̀nà inú Fẹ́sítáàkì fẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ kò sì pọ̀. Èmi àti Fúnkẹ́ á dìde dúró lẹ́yìn, a ó máa ju ọwọ́ sí àwọn ọmọ tó ń ta súwè, bí aya gómìnà. Nígbà tó fi máa di Fúráìdè, Màmá ti ń pààrọ̀ jíà láìwo ilẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, wọ́n ń fi ìkejì tún gèlè ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ní Sátidé, nǹkan kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo òpópónà yẹn. Katakátá ńlá kan tí wọ́n fi ń gbẹ́ gọ́tà ni. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó tóbi tó ilé, ó pupa bí èékánná tí a kùn. Ẹni tó ń wà á jókòó sórí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà. Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì rí i láti òkèèrè, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ sọ fún Màmá pé, "Bíréèkì. Bíréèkì, ìyàwó. Èyí tí ẹ tẹ̀ yẹn kì í ṣe bíréèkì."

Bí a ṣe lọ kan án nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fara pa, àyàfi gúgúrú tó dà nù. Ṣùgbọ́n iwájú Ìjàpá, níbi iná òsì, ká wọnú bí etí ìwé tí ọmọdé ti fi ọwọ́ àkàrà ṣí. Mọ́gáàdì, irin tó bo táyà, rún, iná fọ́, bọ́ńpà kọjú sókè bí ẹni ń ṣe àdúrà. Ẹni tó ń wa katakátá sọ̀kalẹ̀, ó yí i po, ó wá ibi tó ti bàjẹ́ títí, kò rí i. Ó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Màmá. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú." Àánú Màmá ló ṣe é ju katakátá rẹ̀ lọ.

Màmá kò sunkún. Wọ́n jókòó sétí gọ́tà, wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé. Wọ́n wá ní ọ̀sẹ̀ kan ló kù.

Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì ló mọ Bàbá Mùráínà. Ọmọ onílẹ̀ ni Bàbá yìí, láti ìdílé àwọn tó ti wà ní Amúwò kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Fẹ́sítáàkì. Wọ́n ti ta ilẹ̀ tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ padà sípò, tí a ń pè ní panẹ́ẹ̀lì-bítà, ni wọ́n jẹ́, abẹ́ igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agboju sì ni ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n wá fúnra wọn, wọ́n rọra wa Ìjàpá lọ, ó ń dún ṣakala-ṣakala bí agolo tí wọ́n so mọ́ ìrù ajá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Bàbá Mùráínà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹ kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó gbé òlù, wọ́n á di ojú, wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọkọ̀ náà yíká láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ojú máa ń parọ́ fún ènìyàn, ọwọ́ kì í parọ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti kọsẹ̀, wọ́n á fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú òlù kékeré kan bí òlù ọmọdé, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ tì í lódìkejì, wọ́n á sì máa lù ú láti inú wá sí ìta, kó, kó, kó, wọn kì í kánjú, wọn kì í lù ú le. Èmi àti Fúnkẹ́ máa ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú Màmá lẹ́yìn ilé ìwé lójoojúmọ́. A jókòó lórí táyà, à ń jẹ fúrúùtù, omi rẹ̀ ń ta sí aṣọ ilé ìwé wa, a sì ń wo mọ́gáàdì tó ń jí dìde díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó di Túsìdeè, wọ́n fi pọ́tì dí ibi tí kò dán. Wọ́n fún àwa ọmọ ní sáńpépà àti agolo omi, a sì fi sáńpépà tútù ha pọ́tì náà títí ìka wa fi funfun bí ti ẹni tó po ẹ̀kọ. Ní Wẹ́sídeè, wọ́n po ọ̀dà. Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n po aláwọ̀ ewé, wọ́n kùn ún sára páálí kan, wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Ó ti tutù jù. Wọ́n bu dúdú díẹ̀ sí i, wọ́n tún mi orí. Wọ́n wá bu ọ̀dà pupa tó kéré bí omi ojú sí i, wọ́n gbé páálí náà ti ara Ìjàpá. Páálí náà sọ nù sí i lára. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ẹ kò lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni wọ́n ní ká wá gbé e. Ìjàpá dúró lábẹ́ igi, ó ń kọ yànràn. Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì ń pàtẹ́wọ́. Màmá kúnlẹ̀ fún Bàbá Mùráínà sórí ilẹ̀ tí òróró ti mu, wọn kò bìkítà fún aṣọ. Èmi ní tèmi yí lọ sí apá ọ̀tún, apá tèmi, mo fẹ́ fi ọwọ́ kí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi kàn yọ̀ kọjá ni. Mo tún gbé e padà. Pẹrẹsẹ. Ibẹ̀ dán bí iwájú orí ọmọ tuntun.

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé èèrà ta mí. Nígbà tí Màmá wá wo ibi tí mo nawọ́ sí, àwọn náà ká ọwọ́ lérí. Bàbá Mùráínà nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo rí i pé ibẹ̀ ti ń dun ọkọ̀ yìí tipẹ́. Mo bá yín mú un kúrò. Ẹ má dúpẹ́, ẹ̀bùn ni."

Ẹ ronú sí i. Bàbá wa lè má rí iná tuntun. Wọ́n lè má rí mọ́gáàdì. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi ìka sí láti ọdún mẹ́jọ? Kí wọ́n tó sọ báàgì Jọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀. Màmá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Mùráínà, wọ́n sì bẹ wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn tẹ ibẹ̀ wọnú padà.

Ojú Bàbá náà yí padà. Wọ́n ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n ti gbé òlù, ọkọ̀ kan kò sì tíì kúrò lábẹ́ ọwọ́ wọn kó burú ju bó ṣe wá lọ. Wọ́n ní kí Màmá lọ sọ òótọ́ fún ọkọ wọn, ó tán. Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Wọ́n ní ta ló rán Bàbá Mùráínà níṣẹ́ dé ara ilẹ̀kùn, ṣebí iwájú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ní kó tún ṣe? Bàbá Mùráínà ní àwọn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àyàfi tí àwọn bá ń ṣàìsàn, ara àwọn sì le koko.

Màmá kò pariwo. Wọ́n ní, "Bàbá, bí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ó máa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Agboju yìí títí n ó fi kú. N kò ní wakọ̀ mọ́ láyé."

Bàbá Mùráínà wo bàtà Màmá. Wọ́n wo igi. Wọ́n wá gbé kẹ́tù omi wọn, wọ́n ní àkókò ìrun Alásàrì ti tó. "Mo ń lọ kírun. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi yìí kí n tó dé, n kò sí níbẹ̀."

Wọn kò tíì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì ti sáré lọ yá ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá oníyán ẹ̀gbẹ́ kejì. Màmá tú gèlè, wọ́n fi wé orí ọmọ odó náà kó má baà ha ọ̀dà. Ta ló mọ ojú ibẹ̀? Èmi ni. Ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú báàgì olùkọ́, wọ́n fún mi ní ọ̀kan, mo di ojú bí Bàbá Mùráínà, mo pa ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ mi fi rántí, mo sì fa róbótó kan síbẹ̀. Màmá gún un lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn náà dún gbì, ó tún sọ padà sípò. Àǹtí ní kí wọ́n gún un bí ẹni gún iṣu tó le, kì í ṣe bí ẹni gún ata. Màmá ká aṣọ sókè. Èyí tí wọ́n gún lẹ́ẹ̀kejì, ẹyẹ fò lórí igi.

Ó tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ gọnbọ, ó gùn bí ẹnu ẹja.

Bàbá Mùráínà dé láti ìdí ìrun, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà, wọ́n ń nu ẹsẹ̀. A rí i tí ọrùn wọn ń yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú wọn dé ibẹ̀, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní irú ìlùkulù wo lèyí, ìtìjú ni fún gbogbo Agboju. Wọ́n bi Màmá pé irin gátì tí wọ́n kàn nígbà yẹn, ṣé róbótó ni àbí onígun? Màmá ní àwọn ń rọbí lọ́wọ́, àwọn kò wo irin. Bàbá Mùráínà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú. Ni wọ́n bá gbé òlù kékeré yẹn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n fi ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́ bà á jẹ́. Wọ́n á lù ú níbí, wọ́n á fi irin tì í lọ́hùn-ún, wọ́n á pè mí. "Ìwọ, fọwọ́ sí i. Ó jìn tó bẹ́ẹ̀?" Èmi á di ojú, n ó fi ọwọ́ wò ó, n ó ní ó kù díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe láìjiyàn, bí ẹni pé ọ̀gá ni mí. N kò tíì rí àgbàlagbà tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ku ibi tó dógùn-ún, wọ́n wá ìṣó àtijọ́ tó ti wà nínú agolo omi, wọ́n fi omi pupa rẹ̀ kùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, mo di ìkúùkù mi, mo gbé e síbẹ̀. Ó jókòó wẹ́kú. Bàbá Mùráínà fi apá nu ojú, wọ́n sì sọ fún Àǹtí Màgírẹ́ẹ̀tì pé òun nìyẹn, àpá tó bí ara rẹ̀.

Ohun kan ló kù, pé ọkọ̀ ń dán jù. Ní Fúráìdè, Màmá tó máa ń nà wá bí a bá kó ẹrùpẹ̀ wọlé ní kí a lọ bu ẹrùpẹ̀ wá. Èmi àti Fúnkẹ́ fẹ́ ẹ sí ọkọ̀ lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fúnkẹ́ sín ní ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún, mo kà á. A wá fi tapólì bò ó.

Bàbá dé ní ọ̀sán Sátidé. Wọ́n gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n ká tapólì, wọ́n yí ọkọ̀ po. Èmi àti Fúnkẹ́ ń ta ten-ten, eré àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ yẹn, níwájú ilé, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tó ń borí nínú àwa méjèèjì. Bàbá dé iwájú, wọ́n kọjá. Wọ́n dé apá ọ̀tún, wọ́n fi ìka sínú àpá náà, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbọ́ èémí Màmá láti fèrèsé kíṣíìnì. Bàbá wá yí lọ sí apá òsì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n fẹ́ jókòó kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì wò.

Orúnkún wọn méjèèjì kan sítíárìn, gbò.

Bàbá ga, Màmá kúrú. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó rántí àga awakọ̀ tí Màmá ti fà síwájú láti ọjọ́ kìíní. Bàbá jókòó bẹ́ẹ̀, orúnkún lẹ́nu. Wọ́n wá nawọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ti àga náà sẹ́yìn, gíríkì. Wọ́n wọlé, wọ́n jẹun, wọ́n béèrè ilé ìwé lọ́wọ́ wa.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, gbogbo wa ti múra fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá jáde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n gbé Bíbélì lé itan, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí Màmá láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Màmá Dúpẹ́, orúnkún ń dùn mí. Gbé wa lọ."

Màmá gbà á. Wọ́n fa àga síwájú. A yà sí òpópónà, katakátá yẹn sì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wà á, tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ, dìde tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ju ọwọ́ sókè. "Màdáàmù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ti dára o."

Bàbá ń wo iwájú. Nígbà tó yá, wọ́n béèrè pé ta ló tún un ṣe. Màmá ní Bàbá kan ní Agboju ni. Bàbá ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn yí i po, àwọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n wá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n gbá ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́ níbi àpá. Wọ́n ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò kan ibí yìí."

Màmá ní, "Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lórí àga ẹ̀yìn. Fúnkẹ́ gbá mi lẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá ní, "Jíà kejì ti tó o, pààrọ̀ rẹ̀," ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ sì dópin nílé wa bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọn kò sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Agboju mọ́. Bàbá ń mú àlejò lọ wo àpá náà títí, wọ́n sì kú láìmọ̀. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn, èmi àti Màmá á dìde lọ bu omi fún àlejò.

Lóde òní, bí ọkọ̀ bá ti kan nǹkan, Trade Fair, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á ra odidi ilẹ̀kùn tó ti òkè òkun wá, aláwọ̀ kan náà, wọ́n á de ìdè rẹ̀, kí ó tó di ọ̀sán ọkọ̀ á ti wà lójú títì. Bọ́ńpà ti di rọ́bà, ó ń fọ́ ni, kì í tẹ̀. Mo fẹ́ràn bó ṣe yá, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó di ojú fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ń dun ọkọ̀ mọ́. Wọ́n ti gé igi fúrúùtù yẹn, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo kúlọ́ọ̀sì Fẹ́sítáàkì ti ní gátì, kòtò sì ti jẹ ojú ọ̀nà tí Màmá ti kọ́ ọkọ̀ débi pé ẹni tó bá ń kọ́ ọ níbẹ̀ báyìí, lílúwẹ̀ẹ́ ló ń kọ́.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n fún Màmá ní Ìjàpá. Màmá wà á títí ilẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà, tí a ń rí ọ̀dà títì láàárín ẹsẹ̀ wa bí a bá ti ń lọ. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e lọ níkẹyìn. Lẹ́yìn tí Màmá náà lọ, Fúnkẹ́ ló mú láísẹ́ǹsì wọn, ó fi sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Sátẹ́láìtì. Òlù Bàbá Mùráínà wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin wọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀ ní Trade Fair, òun ló fi ń pa ìdérí agolo dé. Èmi ni mo jogún ẹsẹ̀ Màmá, tí kò gùn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ọkọ mi, àga ni mo kọ́kọ́ ń fà síwájú. Bí mo bá sì ti ibi tí mo lọ dé, n ó pa ẹ́ńjìnnì, n ó mú báàgì mi, n ó sọ̀kalẹ̀, n ó sì fi àga sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tí orúnkún bá dùn, kó tì í sẹ́yìn.